Ó Ti Dákẹ́

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú méje nígbà tí fóònù Oníbúrẹ́dì dún. Ó mọ aago náà láìtàsé, torí aago ara ògiri ló ń wò lákòókò yẹn, kó lè mọ ìgbà tí búrẹ́dì ẹlẹ́ẹ̀kejì máa jáde nínú ààrò. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì funfun fún ìyẹ̀fun. Gìrìpá, géńdé ọkùnrin tó ti ń bá a po ìyẹ̀fun láti ọdún méjìlá sẹ́yìn, ló bá a fa fóònù yọ lápò, tó tẹ̀ ẹ́, tó sì gbé e lé e létí.

"Bùọ̀dá mi!" Ohùn àbúrò rẹ̀ obìnrin ni, ó sì ń sunkún. "Bùọ̀dá mi, ó ti dákẹ́!"

"Kí lo wí?" Ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ bíi kó ya ilé.

"Mo ní ó ti dákẹ́! Àárọ̀ yìí ni wọ́n sọ fún wa. Kò sí nǹkan kan mọ́ níbẹ̀, ó dákẹ́ pátápátá. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ pè. Mo ń bọ̀ wá sí ọsibítù, ẹ jẹ́ n..."

Fóònù já. Gìrìpá tẹ ẹ̀rọ náà pa. Òun náà ti gbọ́.

"Ọ̀gá, ta ló dákẹ́?"

"Ìyá mi."

Tí àgbàlagbà bá wà lórí ìbùsùn ọsibítù, tí wọ́n wá ní ó ti dákẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà pàápàá kì í béèrè ìtumọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá náà, wọ́n yọ òkúta mẹ́rin nínú àpò òróòro rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, ibà mú un. Ọjọ́ Ajé, ibà náà lọ sílẹ̀ díẹ̀. Òní wá di Ọjọ́rú, àbúrò rẹ̀ sì ti ní òun máa yà wò ó láàárọ̀ kí òun tó lọ síbi iṣẹ́.

Oníbúrẹ́dì pe àbúrò rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ohùn inú fóònù ń sọ pé ẹni tí wọ́n ń pè kò sí lórí ìlà. Ó pe ọsibítù. Obìnrin kan gbé e, ó béèrè nọ́ńbà ìbùsùn, ó ṣí ìwé wéréwéré, ó wá ní, "Ẹ máa bọ̀ níbí, Bàbá. A kì í sọ̀rọ̀ aláìsàn lórí fóònù."

Oníbúrẹ́dì ti fóònù bọ àpò. Ó jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun. Gìrìpá ti bú sẹ́kún, ẹkún ńlá tó ń mi èjìká.

"Gìrìpá, ṣé ìyá tìẹ ni àbí ìyá tèmi?"

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bá yín pe àwọn àbúrò yín yòókù."

"O ò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni. Títí màá fi fojú ara mi rí i, kò sẹ́ni tó kú." Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì yí padà. "Yọ búrẹ́dì yẹn jáde tí aago bá ti lu mẹ́wàá. Má jẹ́ kó jóná."

Inú bọ́ọ̀sì ni ojú ti ń tì í. Ìyá rẹ̀ kú, búrẹ́dì ló rántí. Obìnrin tó jókòó tì í ń gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára aṣọ dúdú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wò ó. Oníbúrẹ́dì wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rí i pé òun kò ṣan án. Kò bọ́ aṣọ iṣẹ́, kò mú owó ju èyí tó fi wọkọ̀ lọ.

Èyí tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó ti lọ wo ìyá náà lẹ́yìn iṣẹ́, ó sì sọ fún un pé tí wọ́n bá dá a sílẹ̀, ilé òun ni yóò máa bọ̀, yàrá ti wà, wọ́n ti kùn ún. Ó tún ní kí ìyá jẹ́ kí àwọn fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

"Ta lo fẹ́ fi ẹ̀rọ mi ta lọ́rẹ?" ni ìyá wí.

"Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó."

"Ìwọ lo máa sọ fún mi pé mo ti ṣiṣẹ́ tó? Nínú yàrá mi, mo mọ ibi tí ìkòkò wà. Nínú ilé rẹ, màá máa béèrè omi lọ́wọ́ ìyàwó rẹ."

Oníbúrẹ́dì ti ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́ta òru ọjọ́ yẹn, orí ń fọ́ ọ. Ó wá gbé ohùn sókè níwájú aláìsàn mẹ́sàn-án yòókù: "Màmá, ẹ dákẹ́ ná, ẹ gbọ́ tèmi!"

Ìyá kọjú sí ògiri. Oníbúrẹ́dì dúró díẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kò padà wá. Ó ní kí inú ìyá rọ̀ ná. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn fún ìyá tó bí i wá di pé kó dákẹ́, ìyá náà sì ti dákẹ́ lóòótọ́.

Ọmọ mẹ́fà ni obìnrin yìí bí láàárín ọdún mẹ́sàn-án. Oníbúrẹ́dì ni àkọ́bí, èyí tó pè é lórí fóònù ni àbíkẹ́yìn. Bàbá wọn kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nígbà tí Oníbúrẹ́dì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá àti oṣù méjì. Láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ìyá ti ń lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni kó máa lu ojú bọ́tìnnì, ọ̀ọ́dúnrún lójúmọ́. Ní ìdájí kó tó lọ, ó ti rán ti àwọn aládùúgbò. Yàrá kan ni wọ́n wà, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé onírin, tó fi jẹ́ pé ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń tan àtùpà. Bàtà kan ṣoṣo ni Oníbúrẹ́dì àti àbúrò tó tẹ̀ lé e jọ wọ̀ fún ọdún méjì. Òun ń lọ sílé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, àbúrò ń lọ lọ́sàn-án, wọ́n á pàdé ní ìkóríta, òun á bọ́ ọ, àbúrò á ki bébà mẹ́rin bọ iwájú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, torí bàtà náà tóbi fún un, òun á wá fi ẹsẹ̀ lásán rìn délé.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló kúrò nílé ẹ̀kọ́ lọ sí ibi ààrò. Ìyá kò ní kó lọ, kò sì ní kó má lọ. Ó kàn rán àpò méjì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní kó máa fi búrẹ́dì tó bá fọ́ sínú rẹ̀ bọ̀ wálé.

Àbíkẹ́yìn máa ń wá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò náà, torí ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì móoru. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tó kọ́kọ́ béèrè pé kí ló dé tí ahọ́n iná tó funfun fi máa ń kọ́kọ́ pa rẹ́, tí ẹ̀yinná pupa á ṣì wà níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

"Èyí funfun yẹn ń jẹ igi rẹ̀ ní wàràwàrà," ni Oníbúrẹ́dì fún un lésì. "Èyí pupa ń rọra jẹ tiẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló di iṣẹ́ mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́. Ó kàwé, ó kàwé, ó wá dẹni tí wọ́n ń san owó fún pé kó máa wo ojú ọ̀run. Oníbúrẹ́dì sọ ọ́ ní Oníràwọ̀, gbogbo ilé sì bá a pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí agbo ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Ó ti ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé agbo ìràwọ̀ ni àìmọye ìràwọ̀ tó kóra jọ sójú kan, pé oòrùn tiwa yìí náà, ẹyọ kan ni nínú agbo tirẹ̀. Ó ní eléyìí tí òun ń wò ti ń bí ìràwọ̀ ní àbíjùwálẹ̀ nígbà kan, kò sì bí mọ́. Àwọn kan wá ń bá a jiyàn pé ó ṣì ń bí, pé eruku ló bò ó lójú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́fà rẹ̀ wọgbó. Oníbúrẹ́dì a máa mi orí, a máa ní "Ẹn-ẹn," ọkàn rẹ̀ á sì wà lọ́dọ̀ ìwúkàrà. Nínú bọ́ọ̀sì, àánú ọmọ náà ṣe é. Báwo ló ṣe máa jókòó ti àwọn ìràwọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn èyí?

Ó bọ́ sílẹ̀. Yàrá àwọn aláìsàn obìnrin wà ní òkè kejì, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógójì. Ó kà á. Nọ́ọ̀sì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan di iwájú aṣọ rẹ̀ mú.

"Bàbá, kí ló dà lé yín lórí?"

Oníbúrẹ́dì na ọwọ́ sí iwájú. "Ìyá mi. Ìbùsùn keje."

"Ṣé ẹ̀yin ni ọmọ Ìyá Bọ́tìnnì?" Nọ́ọ̀sì náà mí kanlẹ̀. "Ó dára bẹ́ ẹ ṣe wá. Ẹ bá wa bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Láti àárọ̀ ni wọn ò ti jẹ́ ká rímú mí."

Ohùn kan wá dún láti inú lọ́hùn-ún, gbangba, bí ohùn ẹni tó ń bá oníbàárà jà: "Nọ́ọ̀sì! Ìwọ tó o di àyà mú yẹn! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ní kó o bọ́ aṣọ yẹn wá, kí n kan bọ́tìnnì yẹn mọ́ ọn. Ta ló rán an fún yín? Òwú ẹyọ kan!"

Oníbúrẹ́dì kò mọ bí òun ṣe dé ìdí ìbùsùn. Ó kàn bá ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó di irin ìbùsùn mú, ẹ̀rín àti ẹkún ń jáde lẹ́nu rẹ̀ pọ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó, ìrọ̀rí méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ nọ́ọ̀sì mìíràn wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Irun rẹ̀ ti wà ní yíyà dáadáa.

"Kí ló ṣe ọ́ tó o wá funfun bí iwin? Ṣé ààrò wó ni?"

"Ẹ forí jì mí, Màmá."

"Kí lo ṣe?"

"Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé."

"Èyí tó o ní kí n dákẹ́? Ìbínú rẹ̀ ṣì wà níbí o." Ó fi abẹ́rẹ́ tọ́ka sí àyà ara rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kò tó èyí tó o fi ń kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọsibítù. Dìde, ọkọ mi. Wọn kì í fọ ibẹ̀ yẹn dáadáa."

Ó dìde. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lórí aṣọ ìbora, ẹsẹ̀ náà móoru. Kò sí ibà níbẹ̀. Ìyẹ̀fun sì kù síbi tó fọwọ́ kàn.

"Ta ló sọ kí ni fún ọ?" ni ìyá bi í. Ó ti ń wò ó fínnífínní.

"Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan."

"Mo ní ta ló sọ kí ni fún ọ?"

"Oníràwọ̀ ló pè mí. Ó ń sunkún. Ó ní ẹ ti dákẹ́."

Obìnrin orí ìbùsùn kẹjọ pariwo "Háà!" Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá gbé aṣọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Oníràwọ̀? Ọmọ tó wà níbí ní aago méje, tó ya irun mi, tó jẹ búrẹ́dì mi ní ìdajì?"

Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni Oníràwọ̀ fúnra rẹ̀ sáré wọlé, ó gbá bébà kan mọ́ àyà, ojú rẹ̀ ṣì pọ́n fún ẹkún, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín tó fi hàn dé èrìgì.

"Bùọ̀dá mi, ẹ ti débí! Ẹ má bínú, iná fóònù mi ló tán. Ṣé ẹ ti sọ fún Màmá?"

"Kí n sọ kí ni fún wọn?"

"Pé ó ti dákẹ́ ni!"

"Mo wà níbí," ni ìyá wí. "Mò ń gbọ́."

Oníràwọ̀ wo ìyá rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ìyẹ̀fun orí rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, omi ojú tó ti fa ìlà méjì nínú funfun náà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Bébà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yéè! Bùọ̀dá mi. Ẹ rò pé... Rárá o! Agbo ìràwọ̀ mi ni mò ń sọ! Níbi iṣẹ́ wa, agbo ìràwọ̀ tí kò bá bí ìràwọ̀ mọ́, a máa ń ní ó ti dákẹ́. Mi ò ronú. Àbájáde yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, inú mi dùn débi pé mo ń sunkún, mo ti ṣèlérí pé ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ sọ fún. Ẹ dárí jì mí!"

Oníbúrẹ́dì ti gbé ọwọ́ sókè bíi kó gbá a létí, bó ti máa ń ṣe nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló mú un. Ó rín in títí ó fi jókòó lórí àga láìmọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń tú bí okùn tí wọ́n já.

"Ìràwọ̀ wo ló ń bímọ?" Ìyá kò tíì rẹ́rìn-ín. "Jókòó síbí kó o ṣàlàyé. Ohun tó fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n rẹ, ó yẹ kí n mọ̀ ọ́n."

Oníràwọ̀ jókòó sí ẹsẹ̀ ìbùsùn. Ó ní agbo ìràwọ̀ méjì ló forí gbárí lójú ọ̀run lọ́hùn-ún, láyé àtijọ́, wọ́n sì di ọ̀kan. Gáàsì inú wọn fún pọ̀, ìràwọ̀ wá ń jáde ní ọgọ́rùn-ún lọ́dún, níbi tí agbo tiwa yìí ń bí ẹyọ kan tàbí méjì péré. Lẹ́yìn náà, ó dáwọ́ dúró. Àwọn ìràwọ̀ ńláńlá, aláwọ̀ búlúù tó ń jó jù, àwọn ló kọ́kọ́ lọ. Àwọn tó kéré, tó ń rọra jó, ló kù, nítorí náà gbogbo agbo náà ń pọ́n díẹ̀díẹ̀.

"Bí ẹ̀yinná," ni Oníbúrẹ́dì wí.

"Bí ẹ̀yinná gan-an. Àwọn tó ń bá mi jiyàn wá ní ọmọ ṣì wà lẹ́yìn eruku. A bẹ àwọn tó ni abọ́ irin ńláńlá tó ń gba ìtànṣán rédíò pé kí wọ́n bá wa wò ó, torí ìtànṣán yẹn máa ń la eruku kọjá. Àárọ̀ yìí ni wọ́n dáhùn. Kò sí ọmọ kankan lẹ́yìn eruku." Ó he bébà rẹ̀ nílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ohun kan ya gbogbo wa lẹ́nu. Gáàsì ṣì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Tútù ni, irú èyí tí wọ́n fi ń bí ìràwọ̀. Ó kàn kọ̀, kò dì."

"Ṣé ó ń yí ni?" ni Oníbúrẹ́dì bi í.

"Kí lẹ wí?"

"Gáàsì yẹn. Ṣé ó jókòó jẹ́jẹ́ àbí ó ń yí? Tí Gìrìpá bá ń po ìyẹ̀fun tí kò dáwọ́ dúró, kò sí bí ìwúkàrà ṣe pọ̀ tó, kò lè wú. Ó gbọ́dọ̀ sinmi kó tó wú."

Oníràwọ̀ la ẹnu sílẹ̀. "Ó ń yí, Bùọ̀dá mi. Ó ń rú gùdù ni. Ìdí tí a rò pé kò fi dì nìyẹn. Ẹ tún un sọ." Ó ti ń wá bírò nínú àpò rẹ̀. Ẹ̀yìn àbájáde ọdún mẹ́fà ló kọ ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun náà sí.

"Kọ tèmi náà sí i," ni ìyá wí. "Kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún nǹkan pé ó dákẹ́ nítorí pé kò bímọ mọ́. Ìgbà tí mo bí ìwọ yìí tán, mo ṣíwọ́. Ọdún mẹ́tàlélógójì rèé. Ta ló ní mo dákẹ́? Lẹ́yìn ìgbà yẹn gan-an ni mo ráyè tọ́ yín, tí mo ráyè mọ ìwà ẹnì kọ̀ọ̀kan yín. Nígbà tí mò ń bímọ, mi ò mọ èyí tó ń kọ́ ìrìn yàtọ̀ sí èyí tó ń fà nílẹ̀."

"Kí wá ni ká máa pè é, Màmá?"

"Ẹ sọ pé ó ti ṣíwọ́ ọmọ bíbí. Gbogbo obìnrin tó bá gbọ́ ọ ló máa yé, ẹ̀gbọ́n rẹ kò sì ní sáré kiri bí wèrè."

Obìnrin orí ìbùsùn kẹjọ ní òótọ́ ni. Nọ́ọ̀sì náà ní òótọ́ ni.

Fóònù Oníbúrẹ́dì dún. Gìrìpá ni. "Ọ̀gá mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ara fẹ́ra kù..."

"Gìrìpá, kò kú."

Nǹkan onírin kan wó lulẹ̀ lọ́hùn-ún, Gìrìpá sì hó yèè bí ẹni tí wọ́n gbá góòlù fún.

"O ò pe ẹnikẹ́ni, àbí?"

"Rárá o, Ọ̀gá! Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Àfi àwọn oníbàárà tó ń bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́kún. Wọn ò ju márùndínlógún lọ."

Oníbúrẹ́dì sọ ohun tí Gìrìpá wí fún ìyá rẹ̀, ìyá sì rẹ́rìn-ín nígbà yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó di ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ mú, ó ń ní kí wọ́n má pa òun lẹ́rìn-ín mọ́, ibẹ̀ ń dùn òun.

Nígbà tó fara balẹ̀, ó mú aṣọ nọ́ọ̀sì, ó so òwú mọ́ ìdí bọ́tìnnì tó ń kàn lọ́wọ́, ó fi eyín já a.

"Dókítà ní ọjọ́ Ẹtì ni màá lọ. Ta ló máa wá gbé mi?"

"Èmi ni, Màmá."

"O máa gbé mi lọ sílé ta ni?"

Oníràwọ̀ gbójú sílẹ̀ sórí bébà rẹ̀. Oníbúrẹ́dì ronú kan yàrá tí wọ́n ti kùn, ó ronú kan ìkòkò tí ìyá rẹ̀ mọ ibi tó wà. Ó rí ọwọ́ arúgbó náà, bó ṣe ń wá ihò bọ́tìnnì tó kàn láìwò ó.

"Ilé yín ni," ló wí. "Ẹ̀rọ yín ń dúró dè yín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ máa jẹ́ kí n máa yà wò yín láràárọ̀, tí mo bá ti yọ búrẹ́dì àkọ́kọ́."

"Tó o bá máa mú èyí tó gbóná wá, mi ò lè tì ọ́ síta."

Ó sún ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Oníbúrẹ́dì gbé apá lé ibi tó ṣófo náà, ó sì gbé orí lé apá. Aago mẹ́ta òru ló ti jí. Ó ń gbọ́ tí Oníràwọ̀ ń ṣàlàyé eruku fún obìnrin orí ìbùsùn kẹjọ, ó ń gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó bọ́ aṣọ tó kù wá. Kí nọ́ọ̀sì náà tó wá sọ fún un pé àkókò àlejò ti tán, oorun ti gbé e lọ, ìyẹ̀fun sì ń já bọ́ lára rẹ̀ sórí aṣọ ìbora funfun náà, níbi tí kò ti hàn.